Mo Nawọ́ Kí Wọ́n Lé Glenys, Àpò Gbígbóná Wà Nínú Ṣòkòtò Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin kí ẹ tó bú mi, torí ibi tí èébú tọ́ sí mi jù ṣì wà níwájú.

Athol Rennick lorúkọ mi. Irun àgùntàn ni mò ń rẹ́, láti oko kan sí òmíràn, ní ìwọ̀ oòrùn New South Wales. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, mo sanra, irùngbọ̀n mi bo àyà, tí mo bá sì sọ̀rọ̀, ajá máa ń dìde. Ẹni tó bá rí mi kò ní rò pé mo lè bẹ̀rù ohunkóhun. Irọ́ ni. Mò ń bẹ̀rù kí ẹnikẹ́ni mọ ibi tó ń dùn mí.

Abẹ́ ni. Ó yá, mo ti sọ ọ́.

Láti ìsàlẹ̀ ìdodo títí dé ibi tí mo fi ń jókòó, ọdún mẹ́ta gbáko ni ìrora fi ṣe mí bó ṣe wù ú. Bí mo bá jókòó, ó dà bí ẹni pé mo jókòó lé òkúta tó ti wà nínú iná. Bí mo bá fẹ́ tọ̀, mo máa kọ́kọ́ di ògiri mú ná. Àwọn dókítà gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n yà mí ní fọ́tò inú. Wọ́n ní kò sí kòkòrò, kò sí jẹjẹrẹ. Mo dúpẹ́. Ìrora náà kò tiẹ̀ gbọ́ pé wọn ò rí òun.

Obìnrin kan ní ìlú Broken Hill ló wá ràn mí lọ́wọ́, Nerida, tó ń tọ́jú iṣan ara.

Ó ní, "Athol, iṣan abẹ́ ẹ ló ń di ara ẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ jà. O ní láti kọ́ ọ kó dẹ̀."

Mo ní, "Ṣé ó máa lọ?"

"Mi ò ṣèlérí pé ó máa lọ pátápátá. Mo ṣèlérí pé wàá lè bá a gbé, tóo bá ń ṣe é lójoojúmọ́."

Ó kọ́ mi. Kí n dùbúlẹ̀ gbalaja, kí n gbé ẹsẹ̀ sókè, kí n di àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mú bí ọmọ ọwọ́, kí n máa mí sísàlẹ̀ ikùn títí abẹ́ á fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí n má fi ọjọ́ tí ara yá ṣe iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Kí n má máa fún ìdí pọ̀ tí inú bá ń bí mi. Àti àpò àlìkámà. Aṣọ lásán ni, tí wọ́n da àlìkámà sí nínú, tí wọ́n rán ẹnu rẹ̀ pa. Wàá mú un gbóná, wàá gbé e lé ibi tó ń dùn ọ́.

Nerida na ìka sí mi. "Inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná ni o, ìṣẹ́jú méjì péré. Má gbé e sínú ààrò. Ó lè gbiná."

Mo mi orí pé mo ti gbọ́. Ẹ mọ irú orí tí àwa ọkùnrin máa ń mì.

Mo rán tèmi fúnra mi, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ gàgàrà tí a fi ń rán àpò irun àgùntàn. Aṣọ fèrèsé àtijọ́ ni mo lò, olódòdó pupa. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lé ikùn, tí ooru yẹn wọlé, omi bọ́ lójú mi. Fún ìdajì wákàtí, ara mi rántí bí ó ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀.

Wàyí o, a dé oko Wirrabilla, wàhálà sì dé.

Wirrabilla jìnnà sí ìlú débi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni búrẹ́dì ń wá, inú yìnyín ni wọ́n sì ń kó o sí, ó máa ń le bí bíríkì. Àwa méje la jọ ń rẹ́ irun níbẹ̀. Ẹ̀rọ amóúnjẹgbóná kan wà, ṣùgbọ́n inú yàrá oúnjẹ ló wà, lẹ́yìn àga Kelvin Tuck gan-an, bó bá sì ṣe tán báyìí, a máa ké bí aago ilé ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Kelvin fún yín. Ó mọ irun rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Bí Kelvin bá mọ̀ ní òwúrọ̀ pé abẹ́ ń dun ẹnìkan, kó tó di ọ̀sán, àwọn àgùntàn pàápàá á ti máa bá onítọ̀hún kẹ́dùn.

Mo ti sọ fún gbogbo wọn tipẹ́ pé, "Ẹ̀yìn ni." Ẹ̀yìn kì í ti ọkùnrin lójú. Gbogbo ẹni tó ń rẹ́ irun ni ẹ̀yìn ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, ó bá mi lẹ́yìn àwọn ẹrù irun, mo nà gbalaja, mo di àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì mú, mò ń mí fìn-ìn fìn-ìn.

"Athol! Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ìṣó kan ló bọ́. Mò ń wá a."

"Lójú ọ̀run?"

Mo ṣáà ń wo òkè bí ẹni tó ń wá ìṣó lóòótọ́.

Ẹ ò rí i pé mi ò lè gbé àpò olódòdó pupa sẹ́yìn àga irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí ààrò Glenys.

Glenys Tregenza ni alásè wa. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò ga ju àgbá omi lọ, ahéré onítáyà tí wọ́n ń fi mọ́tò fà nilé rẹ̀, adìẹ mẹ́fà tó ń tẹ̀ lé e láti oko dé oko sì ni ẹbí rẹ̀. Nígbà tí mo dé Wirrabilla, mo ṣàkíyèsí pé ẹnìkan ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí àga mi. Mi ò béèrè.

Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ òwúrọ̀, Glenys máa ń gbé tíì àti kéèkì wá fún wa ní ṣẹ́ẹ̀dì tí a ti ń rẹ́ irun. Ilé ìdáná á ṣófo. Ààrò rẹ̀ á ṣì gbóná. Ọkàn mi ní, "Athol, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré." Ọkàn mi kan náà ní, "Nerida kìlọ̀ o." Ìrora ní, "Ta ni Nerida?"

Mo ní mò ń lọ tọ̀. Mo sáré lọ gbé àpò sínú ààrò. Nígbà tó yá, mo padà lọ gbé e jáde, mo kì í bọ abẹ́ bẹ́líìtì, mo ju ṣẹ́ẹ̀tì lé e lórí, mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi! Àgùntàn ọjọ́ yẹn kàn ń yọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ohun tí mo gbàgbé ni pé àlìkámà tó wọ ààrò, òórùn búrẹ́dì ló máa ń mú jáde.

Nígbà tí a wọlé oúnjẹ ọ̀sán, Kelvin dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé imú sókè. "Ta ló ń yan búrẹ́dì?"

Glenys ní, "Kò sẹ́ni tó ń yan búrẹ́dì. Jókòó."

"Òórùn búrẹ́dì tuntun ni mò ń gbọ́ yẹn."

"Èmi náà ń gbọ́ ọ," ni Glenys wí, ó sì yẹ inú ààrò wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá gbé búrẹ́dì bíríkì yẹn síwájú wa.

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Èmi wo ṣíbí mi.

Ọjọ́ kejì, òórùn. Ọjọ́ kẹta, òórùn. Ẹ má gbàgbé pé ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn lè gba oorun tí kò tó, ó lè gba eṣinṣin nínú ojú, ṣùgbọ́n ẹ má fi oúnjẹ rẹ̀ ṣeré. Kelvin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo abẹ́ ibùsùn Glenys. Ó tiẹ̀ yẹ ilé adìẹ wò.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Ó ń yan án fún àwọn olóko, nínú ilé ńlá wọn lókè ọ̀hún. Ìyẹ̀fun tiwa! Àwọn ń jẹ búrẹ́dì gbígbóná, àwa ń fi eyín fọ́ yìnyín!"

"Kelvin, mo búra, mi ò yan nǹkan kan."

"Imú wa ló wá ń parọ́?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo la ẹnu. Ànàmọ́ ni mo fi dí i.

Lọ́sẹ̀ kejì, Glenys pè mí sẹ́yìn ilé ìdáná. Ó ń fọ́n oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn adìẹ.

"Athol, ìwọ nìkan ni mo lè sọ ọ́ fún. Ìyá mi, kí orí rẹ̀ tó dàrú, báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gbóòórùn ohun tí kò sí. Ó máa ń ní ọsàn ń jóná. Kò sí ọsàn kankan. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbóòórùn búrẹ́dì tí mi ò yan. Àbí mò ń yan án, tí mi ò mọ̀?"

Omi kún ojú rẹ̀. Àpò náà wà lára mi bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń gbóná sí mi níkùn, ó ń tù mí lára.

Ẹ̀yin òǹkàwé, èyí ni ibi tí mo ní kí ẹ dúró dè. Mo fi ọwọ́ kan èjìká obìnrin yẹn, mo ní, "Bóyá ìsinmi ló yẹ kóo gbà díẹ̀."

Ẹ bú mi. Mo ti bú ara mi títí, kò tó.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, mò ń bọ̀ láti ilé ìdáná. Àpò náà ti pẹ́ jù nínú ààrò lọ́jọ́ yẹn, torí àgùntàn kan tó fi mí ṣẹ̀sín kó tó jẹ́ kí n padà lọ gbé e. Ó gbóná kọjá bó ṣe yẹ. Mo kì í bọ ṣòkòtò, mò ń rìn gàdàgbà gàdàgbà. Bí mo ṣe yọ sí iwájú ṣẹ́ẹ̀dì, gbogbo wọn dúró yíká. Glenys wà láàárín, ìkòkò tíì lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn adìẹ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Kelvin ní, "O ṣeun tóo dé. À ń dìbò."

Ara mi tutù, yàtọ̀ sí ibi kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nídìí iṣẹ́ tiwa, ọ̀gá kọ́ ló ń gba alásè, ọ̀gá kọ́ ló sì ń lé e. Àwa tí à ń jẹun la máa ń nawọ́, ọwọ́ tó bá pọ̀ jù ló borí. Alásè tí wọ́n bá sì fi ọwọ́ lé, kó tó di ẹrù rẹ̀ tán, ìròyìn ti dé gbogbo oko. Kò tún sí ẹni tó máa gbà á. Glenys kò ní ilé mìíràn, kò ní iṣẹ́ mìíràn. Bí a bá lé e níbẹ̀, ó ti parí nìyẹn.

"Mẹ́ta ní kó lọ, mẹ́ta ní kó dúró," ni Kelvin wí. "Athol, ìwọ ló kù. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ, kó nawọ́."

Glenys wò mí. Kò bẹ̀ mí. Ó kàn wò mí bí èèyàn ṣe ń wo ọ̀rẹ́.

Mo rò ó. Bí mo bá dá a sí, òórùn náà á ṣì máa jáde, Kelvin á ṣì máa wá a kiri, lọ́jọ́ kan á dé ìdí mi. Bí ó bá lọ, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì parí. Ohun tí mo rò nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn. Mo gbé ọ̀rọ̀ abẹ́ mi àti ayé ẹlòmíràn lé òṣùwọ̀n, mo sì ní abẹ́ mi ló wúwo jù.

Mo nawọ́ sókè.

Mo nà á tán ni mo gbọ́ "fàà" nísàlẹ̀. Òwú tí ààrò ti ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ méjì já.

Àlìkámà gbígbóná yí wọ inú ṣòkòtò mi. Ó gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, ó ń dà jáde lórí bàtà mi, ṣọ̀ọ̀, ṣọ̀ọ̀, òórùn búrẹ́dì sì gba gbogbo iwájú ṣẹ́ẹ̀dì.

Adìẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè! Ó jó mi o!" Mo ta sókè, mo ta sọ́tùn-ún. Mo fi ọwọ́ òsì tú bẹ́líìtì, ṣòkòtò já bọ́ sí kókósẹ̀. Àpò olódòdó pupa rọ̀ sórí pátá mi bí ahọ́n ajá. Àwọn adìẹ ti dé, wọ́n ń ṣá mi lẹ́sẹ̀ jẹ. Wọ́n máa ń sọ pé afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Lọ́jọ́ yẹn, adìẹ ló dúró tó ń wo tèmi.

Glenys gbé ìkòkò tíì sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa àlìkámà kan nínú eruku pupa, ó gbóòórùn rẹ̀, ó jù ú sẹ́nu, ó rún un.

Ó ní, "Kelvin, búrẹ́dì rẹ rèé."

Ó wá yíjú sí mi. "Orí mi pé nìyẹn."

"Ó pé, Glenys."

"Gbogbo ìgbà yìí ni orí mi pé."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní, "Athol, ọwọ́ rẹ ṣì wà lókè."

Mo wo òkè. Lóòótọ́ ni. Ọwọ́ òsì mi ló ń ja ìjà ṣòkòtò, ọwọ́ ọ̀tún mi ṣì nà gbọọrọ sókè, ó ṣì ń lé e lọ. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nínú ayé mi, mi ò tíì gbé ẹrù tó wúwo tó ọwọ́ yẹn.

Glenys ti yí padà, ó ti ń lọ. Nígbà tí mo fi wọ ṣòkòtò tán tí mo bá a, ó ti ń kó àwọn adìẹ sínú àgò.

"Glenys, jọ̀ọ́. Ojú ló tì mí. Abẹ́ ló ń dùn mí, ó ti di ọdún mẹ́ta..."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Athol, ta lo rò pé ó ń ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí àga rẹ? Bí o ṣe ń jókòó, bí mo ṣe jókòó fún ogún ọdún nìyẹn. Irú àpò yẹn, méjì ló wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi. Bí o bá ní kí n bá ẹ mú un gbóná, ṣé mo máa kọ̀? Ìṣẹ́jú méjì ni, nínú ẹ̀rọ. Ta ló ń gbé e sínú ààrò? O ò bá ti dáná sun èmi àti ilé ìdáná!"

Mo bá a di ilẹ̀kùn àgò mú.

"Ti búrẹ́dì kọ́ ló dùn mí. Mo sọ ọ̀rọ̀ ìyá mi fún ẹ. O gbọ́ ọ, o fọwọ́ kàn mí léjìká, o ní kí n sinmi."

Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé.

Mo ní, "Kí ni kí n ṣe?"

Ó ronú. Mo rí i tí ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ yọ ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

"Lónìí, nídìí oúnjẹ, wàá dìde. Wàá sọ ohun tóo ṣe. Wàá sọ ibi tó ń dùn ọ́, wàá pè é lórúkọ. Bí mo bá gbọ́ 'ẹ̀yìn', mo ti lọ."

Mo dìde lọ́sàn-án yẹn. Mo sọ ọ́. Mo pè é lórúkọ. Omi tí Kelvin ń mu tú jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo tún un pè, torí Glenys ní òun kò gbọ́ dáadáa láti ilé ìdáná. Ó gbọ́ ọ, ẹlẹ́tàn obìnrin! Lẹ́yìn náà la tún ìbò dì. Ọwọ́ méje ní kó dúró, tèmi ló kọ́kọ́ lọ sókè.

Ó dúró. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kò ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sórí àga mi mọ́. Fúnra mi ni mò ń ká a. Ẹ̀tọ́ ni.

Ohun tó fi rọ́pò rẹ̀ rèé: ní àràárọ̀, bí a bá jókòó tán, ẹ̀rọ yẹn á ké lẹ́yìn àga Kelvin. Glenys á gbé àpò mi, tó ti tún ẹnu rẹ̀ rán, sórí àwo. Á fi fọ́ọ̀kì sí ẹ̀gbẹ́ kan, á fi ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á kígbe pé, "Oúnjẹ abẹ́ Athol dé o!" Gbogbo ilé á pariwo. Èmi náà á kí wọn, màá gbé e sí ipò rẹ̀, màá jẹun. Ẹ wò ó, ìrora náà kò lọ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kò ti sí ẹni tí mò ń fi í pamọ́ fún, ó ti rọrùn díẹ̀ láti bá gbé. Mò ń dùbúlẹ̀ di àtẹ́lẹsẹ̀ mú níta gbangba, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Ó ku ọjọ́ méjì kí a kúrò ní Wirrabilla. Ẹ̀rọ ké. Mo ti na ọwọ́ sílẹ̀ dè é. Ẹ̀rọ náà tún ké lẹ́ẹ̀kejì.

Àwo méjì ni Glenys gbé jáde. Ọ̀kan ni tèmi, olódòdó pupa. Aṣọ èkejì jẹ́ aláwọ̀ aró, tuntun. Ó gbé e sí àárín tábìlì, kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ó ká ọwọ́ lẹ́yìn.

Kelvin Tuck ń wo òrùlé bí ẹni tó ń wá ìṣó. Ó wò ó títí. Ó wá na ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ó fa àwo náà mọ́ra.

Ó ní, "Ẹ̀yìn ni o."

Glenys bu ẹyin sí àwo rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni Athol wí."